Bẹ́ ẹ ṣe máa gba owó àánú láti ilé dé ilé ní London àti káàkiri England

Oṣù karùn-ún ni Christian Aid Week, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ aláàánú Christian Aid fi ń gbowó fáwọn aláìní, máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún, àtọdún 1957 ni wọ́n sì ti ń ṣe é, torí náà tí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ní kẹ́ ẹ bá àwọn pín àpòòwé pupa tí wọ́n fi ń gbowó yẹn ládùúgbò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sá, iṣẹ́ tó dáa ni.

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ gba báàjì àti ìwé àṣẹ, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù wọ́n. Òfin ọdún 1939 ló ní kẹ́ ẹ ní in, báàjì yẹn àyà ló ń gbé o, kì í ṣe abẹ́ kóòtù. Ọmọ tí ò tíì pé 16 ò gbọdọ̀ gbowó. Tó bá wá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín fúnra wọn ló fẹ́ gbowó fún nǹkan tiwọn, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba láísẹ́ǹsì ní káńsù, àmọ́ ní London, yàtọ̀ sí City of London, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Metropolitan ni wọ́n ti ń gbà á.

Ẹ já àpòòwé sínú ihò lẹ́tà, tó bá di bí ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ padà lọ gbà á. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, nígbà táwọn èèyàn ti dé láti ibiṣẹ́, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ti ṣú ẹ máa lọlé, àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé á máa bẹ̀rù. Ẹ lọ ní méjì-méjì. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ bẹ́ẹ̀lì, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí onílé lè rí yín dáadáa. Tó bá jẹ́ màmá Yorùbá ló yọjú, tí wọ́n ní "ọmọ ta ni ẹ, ṣọ́ọ̀ṣì wo lo ti wá?", ẹ má kánjú, ẹ kí wọn, ẹ dáhùn, ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọlé wá jókòó, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù ni Gift Aid. Ẹni tó ń san owó orí níbí, tó bá kọ orúkọ ẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀ àti postcode sára àpòòwé, tó sì fàmì sí àpótí kékeré yẹn, ìjọba á fi 25p kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó fi síbẹ̀, £20 á di £25, onílé ò sì ní yọ kọ́bọ̀ kún un. Ó máa ń dùn mí gan-an tówó yẹn bá lọ torí pé kò sí bíírò nítòsí, ẹ mú méjì dání. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í san owó orí, ẹ má ní kó fàmì sí i o, wọ́n lè padà wá bi í léèrè owó yẹn.

Onílé fúnra ẹ̀ ni kó lẹ àpòòwé pa, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i lójú ọ̀nà, ì báà ṣe pé ẹ fẹ́ fi wá ṣéńjì. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣètò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí èèyàn méjì jókòó ṣí i, kí wọ́n kà á, kí wọ́n kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àpòòwé tí wọ́n fàmì Gift Aid sí, ẹ má sọ wọ́n nù, òun ni wọ́n máa fi gba owó yẹn lọ́wọ́ ìjọba.