Ọjọ́ márùn-ún tí obì mi fi wà lẹ́nubodè

Apẹ̀rẹ̀ méjì péré ló dá mi lóró. Ọkọ̀ obì gbànja tí mo kó láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Kóńní, lórílẹ̀-èdè Niger, dúró lẹ́nubodè fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Owó tí ọlọ́kọ̀ gbà lórí ìdúró yẹn ju èrè tí mo fojú sùn lọ.

Bí a ṣe ń rẹ obì, tí a ń bó o, tí a ń jẹ́ kó làágùn, ọmọ Ifẹ̀ wo ni mo fẹ́ kọ́? Mo fọwọ́ ara mi ṣà á, kò ní kòkòrò. Ìwé àyẹ̀wò tí mo gbà, èyí tó ń fi hàn pé obì ò ní kòkòrò, sọ pé apẹ̀rẹ̀ ogójì ni. Àmọ́ nígbà tí a ń kó ẹrù sọ́kọ̀ ní Sábó, méjì kún jù, la bá pín wọn. Ó di méjìlélógójì.

Òṣìṣẹ́ tó ka ẹrù lẹ́nubodè sọ pé ìwé ò bá ẹrù inú ọkọ̀ mu. Mo ṣàlàyé títí pé obì kan náà ni, kò lé, kò dín. Ó ní àfi kí n gba ìwé mìíràn níbi tí mo ti gba ti àkọ́kọ́. Láti òkè Ọya lọ́hùn-ún! Mo bẹ àbúrò mi nílé kó lọ bá mi gbà á. Ọjọ́ kìíní, ẹni tó ń buwọ́ lùwé ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kó gbé ẹrù wá kí wọ́n tún un wò, ẹrù tó ti wà lẹ́nubodè! Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbà. Láràárọ̀ ni mo ń wọ́n omi sórí ewé tí a fi bo apẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ obì apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà gbẹ, ó hunjọ.

Awakọ̀ wa, ará Galmi, ìlú àlùbọ́sà ní Niger, sọ pé: "Ìyá, bí àlùbọ́sà tiwa náà ṣe ń jẹrà lọ́nà nìyí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Niger ò ní òkun. Láti Niamey, olú-ìlú wọn, dé èbúté Kútọ́nù ní Benin tó bí 1,000 kìlómítà. Uranium, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà ní Arlit lọ́dọ̀ wọn, lè dúró lẹ́nubodè fún oṣù kan, kò ní rà. Àlùbọ́sà tó ń mówó wọ àpò àgbẹ̀ ni ò lè dúró. Nígbà tí a ti ẹnubodè lẹ́yìn ìfipágbàjọba tó wáyé ní Niger ní oṣù keje 2023, tí a ò ṣí i títí di oṣù kẹta 2024, ẹ rò ó wò.

Mo ṣáà tà á. Mẹ́rìndínlógójì tó kù, ọjọ́ kan ni wọ́n rà á tán ní Kóńní, wọ́n tún ní kí n mú sí i wá.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ẹ di ẹrù tán pátápátá kẹ́ ẹ tó gbàwé, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n kìlò sí i. Ì báà kún dẹ́nu, ẹ má pín in mọ́. Bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, a ò sùn lẹ́nubodè rárá. Àpò àlùbọ́sà Galmi mẹ́wàá ni mo kó bọ̀ ní Ifẹ̀, ẹyọ kan ò rà níbẹ̀.