Àṣìṣe Tí Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Tuntun Ń Ṣe Lórí Ìwé Tí Orúkọ Wọn Wà Níbẹ̀

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí ní Ìlọrin àti ní ìhà gúúsù Kwara, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, kò sì sí ọdún kan tí n kì í rí nọ́ọ̀sì tuntun tí ó ń ná owó tí kò yẹ kí ó ná nítorí pé kò ka ìwé kún iṣẹ́. Wọ́n mọ abẹ́rẹ́ gún, wọ́n mọ aláìsàn tọ́jú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé, ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé e lé lọ́wọ́. Ó ń bí mi nínú, n kò sì ní fi bò.

Àkọ́kọ́ ni owó tí ẹ ń kó fún alágbàtà kí ó bá yín ṣe láísẹ́ǹsì. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni à ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ sì ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra yín. Àbúrò kan tí a jọ ṣiṣẹ́ sanwó fún ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní òpópónà Táíwò, ọkùnrin náà sì fi ímeèlì ti ara rẹ̀ sí àkọsílẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ṣọ́ọ̀bù ti kógbá wọlé, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà wọ ọkọ̀ lọ sí Àbújá kí ó tó gba orúkọ ara rẹ̀ padà.

Irú àwọn alágbàtà yìí ló tún gbòde ní 2024. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Ìgbìmọ̀ gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá. Yálà inú yín dùn sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tàbí kò dùn sí i, ẹni tí ó bá ní òun yóò gba ẹ̀yìn bá yín ṣe é, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Èkejì, ẹ má ṣe fi ojúlówó sàtífíkéètì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ìwé aláìsàn. Ní ọdún kẹta tí mo gba láísẹ́ǹsì, èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Aboyún kan tí wọ́n gbé wá láti Àjàṣẹ́ ń rọbí, ìyá mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ibùsùn kejì. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń fetí sí ọkàn ọmọ inú, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo ń fi báírò kọ iye rẹ̀ sí. Láti bí aago mẹ́ta ni ó ti ń já wá sábẹ́ 110 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó lọ sílẹ̀ jù. Mo pe dókítà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé fóònù. Nígbà tí mo fọwọ́ kí n tó gbẹ̀bí, gbogbo iye náà bá omi lọ.

Ọmọ náà kò ké nígbà tí ó bọ́ sílẹ̀. A sáré gbé e lọ sí Ìlọrin, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní òwúrọ̀, ẹ̀rù bà mí, mo jókòó ti àtẹ ìrọbí, ìwé tí a ń kọ bí ìrọbí ṣe ń lọ sí, mo sì fi báírò kan náà kọ 140, 140, 140 kún gbogbo àyè tí ó ṣófo. Nígbà tí àwọn ẹbí dé, dókítà yìí kan náà fi ìka tọ ìlà yẹn, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọkàn ọmọ wo ni kì í yí padà fún wákàtí mẹ́rin nínú ìrọbí?” N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìpè méjì tí mo pè é kò sí níbì kankan, irọ́ tí mo kọ sì ti gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo mọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ ní kété tí ẹ bá ṣe é, kódà bí ó jẹ́ ẹ̀yìn páálí ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì tọ́jú páálí náà. Bí àyè kò bá gbà yín, tí ẹ wá ń kọ ọ́ nígbà tó yá, ẹ kọ aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti aago tí ẹ ń kọ ọ́, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ó pẹ́. Ẹ má fi Tipp-Ex pa nǹkan kan rẹ́: ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ fà lé e, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ bá pè, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti aago, àní bí kò tilẹ̀ dáhùn. Kí ẹ sì mọ àtẹ tí ẹ ń lò pẹ̀lú: nínú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 5 ni a ń kà á sí ojúlówó ìrọbí, kì í ṣe 4 tí a kọ́ àwa.

Bákan náà ni ti abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò tí ó bá gún yín. Ẹ máa ń ronú àtilo oògùn tí ń dènà HIV kí wákàtí 72 tó pé, ẹ sì ń lò ó fún ọjọ́ 28, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kí ẹ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ọ̀gá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sílé.