Bí A Ṣe Ń Sọ Kóòdù Python Di C Láìjẹ́ Kí Kọ́bọ̀ Kan Sọnù

Python àti C jẹ́ èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ṣoṣo ló tó Python láti ro owó ọjà pọ̀:

    apapo = sum(iye * owo for iye, owo in oja)

Iṣẹ́ kan náà ní C yóò gba ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn á ní èdè àtijọ́ ń rojọ́ jù, wọ́n á wá máa túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà sí ìlà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Python, tó jáde ní 1991, ti bá yín dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù: báwo ni nọ́ńbà ṣe lè tóbi tó? Ta ni yóò palẹ̀ mẹ́mọ́rì mọ́? Kí ni kó ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà síbi tó yẹ kí owó wà? C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní nǹkan bí 1972, fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ìlà tó pọ̀ yẹn, ìdáhùn yín ló wà nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni ìwé ọjà ìsọ̀ aṣọ kan ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà ní iye, owó ẹyọ kan, àti orúkọ ọjà:

    600;45000.00;Aṣọ òkè

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ náà tilẹ̀ yẹ ní ṣíṣe. Ẹ tẹ `python3 -m cProfile -s tottime iwe.py`, kí ẹ wo ibi tí àkókò ń lọ. Bó bá jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ètò náà ń dúró dè, C kò ní mú un yá. Ẹ fi Python yín sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣirò orí mílíọ̀nù ìlà ló ń jẹ àkókò, ẹ máa bọ̀.

Irinṣẹ́ kò wọ́n. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, tó ní Linux àti RAM 4GB, ti tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò ní láàpútọ́ọ̀pù lè fi Termux (áàpù tó ń fún fóònù ní irinṣẹ́ bíi ti Linux) sórí fóònù Android, kó tẹ `pkg install clang python`. Fóònù kì í kú bí iná bá lọ lójijì, èyí sì wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba láìsí jẹnẹrétọ̀.

Báyìí ni kí ẹ máa fi gcc, kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù C di ètò tó lè sáré, kọ́ kóòdù náà pọ̀ ní gbogbo ìgbà:

    gcc -g -Wall -Wextra -Wconversion -fsanitize=address,undefined iwe.c -o iwe

Ẹ má yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀ torí pé ìkìlọ̀ pọ̀ jù. Bí fóònù kò bá gba `-fsanitize` (tó ń wá àṣìṣe bí ètò ṣe ń sáré), ẹ yọ ìyẹn nìkan, kí ẹ sì tún dán iṣẹ́ náà wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ kan kó tó di pé ẹ gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú ẹlẹ́rìí. Ẹ sáré Python yín, kí ẹ fi èsì rẹ̀ pamọ́ sínú `atijo.txt`. Fáìlì ìdánwò náà gbọ́dọ̀ ní ọjà ńlá kan, ọjà tí oníbàárà dá padà (iye rẹ̀ á jẹ́ òdì), orúkọ tó ní àmì ohùn, àti ìlà kan tí wọn kò kọ owó sí. Ìdánwò tí kò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì dán nǹkan kan wò.

Nọ́ńbà: ibi tí owó ti ń sọnù

Ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ńbà odidi ní Python ń dàgbà bó bá ṣe fẹ́. `int` inú C lórí àwọn ẹ̀rọ tí à ń lò kò lè kọjá 2,147,483,647. Nọ́ńbà yìí tóbi lójú, àmọ́ kọ́bọ̀ ni à ń kà: ₦21,474,836.47 péré ni. Ìsọ̀ ńlá kan ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà lè pa jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ wo aṣọ òkè wa: 600 lọ́nà ₦45,000 jẹ́ ₦27,000,000, ìyẹn 2,700,000,000 kọ́bọ̀. Nínú `int`, ohun tí ẹ sábà máa rí ni −1,594,967,296, tó túmọ̀ sí pé ìsọ̀ náà jẹ gbèsè ₦15,949,672.96. Mo ní "sábà" nítorí pé òfin C kò ṣèlérí ohunkóhun fún nọ́ńbà tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpáílà lè ṣe ohun tó wù ú.

Àwọn tó ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí náà ṣì máa ń ṣubú síbí:

    int iye = 600;
    int owo = 4500000;
    int64_t apapo = iye * owo;

Àpótí tí èsì ń bọ̀ sí, `int64_t` (bíìtì 64, nígbà tí `int` jẹ́ 32), tóbi, àmọ́ ìsọdipúpọ̀ náà ti wáyé nínú `int` kó tó débẹ̀. Ọtí ti dànù kí a tó gbé igbá ńlá dé. `-Wconversion` kò ní rí i, torí pé láti kékeré sí ńlá ni ìyípadà náà; `-fsanitize=undefined` ni yóò kígbe "signed integer overflow". Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá kan owó, iye ọjà pẹ̀lú, `int64_t` ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá fẹ́ ààbò sí i, `__builtin_mul_overflow` wà nínú gcc àti clang, yóò sọ fún yín bí èsì kò bá gbà.

Ẹni tó bá ti kọ COBOL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún iṣẹ́ owó, rí kò ní yà á lẹ́nu. Níbẹ̀, ẹ ó kọ `PIC S9(11)V99`, ìyẹn dígíìtì mọ́kànlá fún náírà àti méjì fún kọ́bọ̀, ẹ ó sì fi `ON SIZE ERROR` sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bó bá kún. Ó gùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ka ìlà yẹn ti mọ ibi tí owó náà lè dé. Nínú ọ̀rọ̀ owó, èmi yóò máa yan irú gígùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi `float` tàbí `double` ka owó. Ẹ tẹ `int(19.99*100)` ní Python, 1998 ni yóò fún yín, kọ́bọ̀ kan ti lọ. C náà á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ka náírà lọ́tọ̀, kí ẹ ka kọ́bọ̀ lẹ́yìn àmì ẹsẹ̀ (`.`) lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi odidi nọ́ńbà rò wọ́n pọ̀. Bí Python yín bá ti ń lo `float`, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tún un ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí yín fúnra rẹ̀ ń purọ́.

Ó ku pínpín. Ká ní oníbàárà dá ọjà ₦45,000.10 padà, ẹ sì fẹ́ yọ VAT 7.5% orí rẹ̀. Kọ́bọ̀ −4,500,010 lọ́nà 75, pín in sí 1000. Àmì `//` ní Python máa ń lọ sísàlẹ̀, yóò fún yín ní −337,501. Àmì `/` inú C máa ń gé ìyókù sọnù, yóò fún yín ní −337,500. Ẹ ṣírò VAT lórí nọ́ńbà tí kò ní àmì òdì, kí ẹ dá àmì náà padà lẹ́yìn rẹ̀, nínú èdè méjèèjì.

Orúkọ ọjà

Python ní "Aṣọ òkè" jẹ́ 7. `strlen` ní C yóò ní 13, torí báìtì (ẹyọ àyè inú mẹ́mọ́rì) ló ń kà, kì í ṣe lẹ́tà: `ṣ` gba 3, `ọ` gba 3, `ò` gba 2. Àyè 14 ni ẹ nílò, torí báìtì òdo ìparí, tí C fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Lẹ́tà bíi `ọ̀` tilẹ̀ gba 5. Ẹni tó bá ya àyè 20 sọ́tọ̀ torí pé orúkọ kò ju lẹ́tà 15 lọ yóò kọ̀wé kọjá ògiri ilé rẹ̀, `strncpy` (tó ń da ọ̀rọ̀ kọ dé ìwọ̀n kan) kò sì ní gbà á: ó lè gé lẹ́tà sí méjì, ó sì lè gbàgbé báìtì òdo náà. Mo ń lo `char ila[256]` pẹ̀lú `fgets` (tó ń ka ìlà kan), n kì í sì í gba ìlà tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀; ètò náà á pariwo.

`%-20s` náà ń ka báìtì, nítorí náà òpó ìwé yín á wọ́. Ọ̀nà àbùjá tó dára jù ni kí orúkọ wà níkẹyìn ìlà, kò ní sí ohun tó ń tẹ̀lé e tó máa wọ́. Ìdí nìyẹn tí fáìlì wa fi rí bó ṣe rí.

Kíka fáìlì

Ẹ má lo `atoi`, iṣẹ́ C tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Bí ọmọ ìsọ̀ bá kọ "45,000" pẹ̀lú kọ́mà, `int()` ti Python yóò dá ètò dúró; `atoi` yóò ka 45 láìsọ nǹkan kan, aṣọ ₦45,000 á wá di ₦45. `strtoll` ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wo ibi tó dúró sí. `strtok` (tó ń gé ìlà sí wẹ́wẹ́) pẹ̀lú kò dára níbí: ó máa ń fo àyè òfìfo, nítorí náà ní ìlà tí wọn kò kọ owó sí, orúkọ ọjà yóò sún wá síbi owó. Ẹ fi `strchr` wá `;` fúnra yín.

Yíyí ìlà kọ̀ọ̀kan po, títẹ èsì jáde, `fclose`: kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ sáré rẹ̀ sínú `tuntun.txt`, kí ẹ tẹ `diff atijo.txt tuntun.txt`, tó ń fi ìyàtọ̀ àárín fáìlì méjèèjì hàn. Títí tí `diff` yóò fi dákẹ́, ẹ má fọwọ́ kan `-O2`, àṣẹ tó ń mú kí ètò yá.

Dídá a padà sínú Python

Ìṣirò nìkan ló yẹ kó lọ sí C; kíka fáìlì àti títẹ̀wé lè wà ní Python, bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ kúrú. Ẹ kọ́ ọ pọ̀ pẹ̀lú `gcc -O2 -shared -fPIC iwe.c -o libiwe.so`, kí ẹ pè é láti inú `ctypes`, irinṣẹ́ Python fún pípe kóòdù C. Kí ẹ tó pè é, ẹ kọ èyí:

    lib.apapo.restype = ctypes.c_int64

Bí ẹ kò bá kọ ọ́, `ctypes` yóò gbà pé `int` ni èsì náà, yóò gé e láìkìlọ̀, gbèsè ₦15,949,672.96 yẹn yóò sì tún yọjú nínú kóòdù C tí kò ní àṣìṣe kankan. Ẹ sọ irú ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nínú `argtypes`, kí ẹ sì tún sáré `diff` lẹ́ẹ̀kan sí i.