Bí mo ṣe tún ètò ìgbàwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tò, kí ojúsàájú lè dínkù

Fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Fọ́ọ̀mù àtijọ́ kàn ń béèrè “àkójọ iṣẹ́ tó dára” ni. Ọmọ tó ní olùkọ́ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó ń dá kọ́ ara rẹ̀ kò mọ̀. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: iṣẹ́ 10 sí 12, ojú ìwé 3 nínú wọn láti inú ìwé tó fi ń dánra wò, fọ́tò orí fóònù sì ti tó. Mo fi bí wọ́n ṣe máa ya fọ́tò náà kún un: ẹ gbé iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, ẹ pa iná yàrá, kí fóònù sì dojú kọ ọ́ tààrà. Láìsí èyí, fọ́tò ni àwọn olùyẹ̀wò máa ń fún ní máàkì, wọn ò ní mọ̀.

Ẹni tí kò bá lè san owó fọ́ọ̀mù, kó fàmì sí àpótí kan, ó parí. Ẹ má béèrè ẹ̀rí. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ló máa kọ́kọ́ sá.

Lẹ́yìn náà ni mo fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ. Ó ju kéèyàn pa orúkọ rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù lọ: orúkọ wà lára fáìlì, ó wà nínú ìsọfúnni tó fara pamọ́ sínú fọ́tò, ó sì wà ní igun àwòrán níbi tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Aṣọ ilé ìwé inú fọ́tò náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í fúnni ní máàkì ni kó tọ́jú ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ.

Ìdí iṣẹ́ gan-an ni máàkì. Ohun 4 ni mo ní kí wọ́n wò, ìkọ̀ọ̀kan láti 0 dé 4: ìwádìí, ìgboyà láti dán nǹkan wò, ìlò ohun èlò tó wà lọ́wọ́, àti ojú tó fi ń wo nǹkan. Mo yọ “dídán iṣẹ́” kúrò pátápátá, torí owó ọ̀dà àti kọ̀ǹpútà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àlàyé. Bí àpẹẹrẹ, nínú ìgboyà láti dán nǹkan wò, 3 túmọ̀ sí pé ó gbìyànjú ju ọ̀nà kan lọ, a sì rí ìdí tó fi mú ọ̀kan.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo olùyẹ̀wò jọ fún àkójọ 5 kan náà ní máàkì, wọ́n sì jiyàn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni méjì ń dá wo àkójọ kọ̀ọ̀kan, láìrí máàkì ara wọn, tí èyí tí olúkúlùkù kọ́kọ́ ń wò àti èyí tó ń wò kẹ́yìn sì yàtọ̀ síra, torí ojú tó ti rẹ̀ kì í ṣàánú ẹni ìkẹyìn. Bí máàkì wọn bá fi ju 3 lọ yàtọ̀ nínú 16, ẹni kẹta á wò ó. Ẹ má kàn pín in sí méjì: àríyànjiyàn náà lẹ ń sin mọ́lẹ̀ yẹn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò gba àkókò púpọ̀: ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, tí a fi ránṣẹ́ ṣáájú, pẹ̀lú ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ fún adití tó bá béèrè. Mo yọ “oníṣẹ́ ọnà wo lo fẹ́ràn?” Mo fi “iṣẹ́ wo lo pa tì, kí ló dé?” rọ́pò rẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ ka iye àwọn tó kù ní ìpele kọ̀ọ̀kan: tó fẹ́ wọlé, tí a pè, tí a gbà, tó wá. Bó bá jẹ́ ibi owó ni àwọn kan ti ń jábọ́, owó ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan máàkì. Bí iye wọn bá kéré, ẹ pa ọdún mélòó kan pọ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.