Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Bíárìn Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Jíìpù Mi

Mo kọ́kọ́ rò pé táyà ló ń kùn lẹ́yìn jíìpù mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ariwo náà máa ń pọ̀ sí i bí mo bá yà sọ́wọ́ ọ̀tún, tí ìwúwo ọkọ̀ sì tẹ̀ sí òsì, mo mọ̀ pé bíárìn (irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí geere) ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ló ti bàjẹ́. Bíárìn yìí àti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, kò ṣeé yà, nítorí náà odidi rẹ̀ ni mo rà. Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ bóòtù mẹ́rin tó dè é, nítorí pé wọ́n ti dípẹtà. Àfìgbà tí mo fi epo rin wọ́n mọ́jú kí wọ́n tó tú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ibi tí tuntun yóò jókòó sí (ẹ má ṣe fo èyí), mo dè é mọ́ ọn, mo so wáyà ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì) padà, ariwo sì dákẹ́.