Kí básíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ níléèwé, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé ọmọ sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin kóòṣì àti ẹ̀yin tíṣà tó ń kó ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, n'Ìbàdàn níbí, àárọ̀ Sátidé kan, dírẹ́bà ti táná sí bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ti wọ jẹ́sì tán, pọ́íńtì gáàdì wa, ọmọ tó ń darí eré lórí kọ́ọ̀tù, nìkan ni ò tíì dé. Mo pe nọ́ńbà ilé wọn, ìyá àgbà ló gbé e. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, kóòṣì ọmọ yín ni. Màmá ní, "Kóòṣì wo? Ọmọ mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, kò lọ síbì kankan." Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ní ṣé àárọ̀ yìí lòun máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọmọbìnrin tóun ń tọ́ fẹ́ wọ mọ́tò lọ Abẹ́òkúta, ta ló sọ fóun? Òótọ́ sì ni, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Bàbá ọmọ ló fọwọ́ sí fóọ̀mù, Èkó ni bàbá ń gbé, ìparí oṣù ló ń wálé. A lọ láìmú ọmọ yẹn lọ, wọ́n nà wá, ẹkún tó sì sun lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Látìgbà náà, mi ò kí ń jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní sáà tuntun kí n tó bá ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni àṣẹ nínú ilé. Orúkọ tó wà nínú fóọ̀mù lè má jẹ́ òun. Ìbéèrè méjì péré ni mo máa ń bi ọmọ: ta ló ń jí ẹ láàárọ̀, ta ló máa kọ́kọ́ dìde tó o bá pẹ́ dé? Ẹni tó bá dárúkọ, yálà ìyá àgbà ni, àǹtí ni, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀, nọ́ńbà ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá àti ìyá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì sí tíréníìnì àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó iléèwé, torí gbogbo ìpè tó bá wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, owó ni òbí máa rò pé ẹ tún fẹ́ gbà. Sátidé náà ò dáa fún mítíìnì, òde ló pọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé ló ń ṣiṣẹ́ fún èmi.

Lẹ́tà òyìnbó tí púríńsípà fọwọ́ sí, ẹ fi ránṣẹ́, ó pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ká a mọ́ báàgì títí á fi gbó. Fọ́ìsì nóòtù Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ lé e, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn rèé:

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Èmi kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì ni. Túsìdé àti Tọ́sìdé la ó máa ṣe tíréníìnì, aago mẹ́ta sí aago márùn-ún. Tó bá fi máa di márùn-ún àbọ̀, ọmọ yín ti gbọ́dọ̀ jáde ní géètì. Tí aago mẹ́fà àbọ̀ bá lù tẹ́ ò tíì rí i, ẹ pè mí kíá. Iléèwé ló máa san owó bọ́ọ̀sì ìdíje. Kánífáàsì, ẹ̀yin lẹ máa rà á. Tówó ò bá tíì sí, ẹ bá èmi nìkan sọ ọ́, a jọ máa wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ṣeun o."

Ẹ wò ó, mi ò ṣèlérí Amẹ́ríkà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gbogbo òbí ló ti gbọ́ orúkọ Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, lọ́dún 1994 àti 1995, àwọn kan sì máa fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé bí ọmọ tiwọn náà ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ o. Ìlérí yẹn làwọn kan ń torí ẹ̀ tú àpótí owó.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ta ló gbá, ta ló jókòó. Ẹ gbé e síta kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìṣirò sọ ọ́. Mo máa ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù níwájú wọn: ìṣẹ́jú 40 ni eré kan, ọmọ 5 ló ń wà lórí kọ́ọ̀tù, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 200. Ọmọ 12 ni mo ní. Ká tiẹ̀ ní mo pín in dọ́gbadọ́gba, ẹnì kan ò ní gbá ju bí ìṣẹ́jú 17 lọ, mi ò sì lè pín in dọ́gba lọ́jọ́ ìdíje. Bàbá kan wo bọ́ọ̀dù yẹn títí, ó ní, "Háà, kóòṣì, mi ò mọ̀ pé ó kéré tó báyìí." Mo wá fi kún un pé òbí tó bá ń bínú, kó pè mí lọ́jọ́ kejì, kó má wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù níṣojú ọmọ ẹ̀.

WAEC àti NECO ò ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ táwọn SS3 máa dúró pátápátá, kẹ́ ẹ dì í mú.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló yẹ kẹ́ ẹ rọra ṣe, ẹ má sì bèèrè ẹ̀ ní mítíìnì tàbí lórí gúrúùpù WhatsApp, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ pè wọ́n. Ìyá kan fi ikọ́-fée ọmọ ẹ̀ pa mọ́ fún mi torí ó rò pé mo máa yọ ọ́ kúrò. Ọyẹ́ mú, eruku gba kọ́ọ̀tù, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ìnhélà ẹ̀ wà nílé lórí àpótí. Ọlọ́run ló yọ wá. Báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Mà, mi ò bèèrè kí n lè yọ ọ́ o, mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀ ni." Ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ òótọ́. Ẹ bèèrè genotype. Tó bá jẹ́ SS, dókítà ẹ̀ ló máa sọ bóyá ó lè gbá àti ìwọ̀n tó lè gbá, torí àárẹ̀ àpọ̀jù, òtútù àti àìmu omi tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lò, àti bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ tí fóònù wọn ò bá lọ. Kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ tún bá wọn sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírọ́ ṣáájú, torí omi gbóná àti wíwọ́ ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé ni, kí ẹsẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ. Tí ọmọ ò bá lè gbé ẹsẹ̀ yẹn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e lọ ya X-ray.

Àwọn òbí ọmọbìnrin máa bèèrè aṣọ. Ẹ sọ fún àwọn ìyá tọ́mọ wọn ń lo híjáàbù pé FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ti fàyè gbà á láti 2017, kí wọ́n ra èyí tí ò ní píìnì. Tí bàbá bá ní eré ọkùnrin ni, D'Tigress ni kẹ́ ẹ mẹ́nu bà, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó dé ipele kọtafáínà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, kò sí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan, tọkùnrin tobìnrin, tó débẹ̀ rí ṣáájú wọn. Tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá máa bọ́ sáàárín ìdíje, ẹ ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa dín tíréníìnì kù fáwọn tó ń gbààwẹ̀.

Àwọn tí ò bá wá sí mítíìnì, ẹ wá wọn lọ. Ìyá kan ń ta epo pupa ní Bódìjà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè é tí kò gbé e, mo bá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró, ó ń wọn epo fún kọ́sítọ́mà, mo ń sọ̀rọ̀, ó ń dáhùn, kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó gba bíró lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí fóọ̀mù. Epo kán sí i nígun kan, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi sínú fáìlì.