Bí mo ṣe kun ọkọ̀ ogun tó gba Àjàyí sílẹ̀

Ọkọ̀ ike náà kò gùn tó ìka àárín mi. Òpó mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan sì lè bò ó mọ́lẹ̀ pátá. HMS Myrmidon ni, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì oníbọn 20. Òun àti HMS Iphigenia ló mú ọkọ̀ akẹ́rú àwọn Potogí kan, Esperança Félix, létíkun wa ní oṣù kẹrin 1822. Èèyàn 187 ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ Òṣoògùn kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kun ọkọ̀ ayé ìgbòkun fún eré ogun orí tábìlì níbi tí mò ń gbé nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti kun ti Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, mo ti kun ti Faransé àti ti Sípéènì. Kò sí èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nínú gbogbo wọn bí eléyìí.

Ìwọ̀n 1/700 ni mò ń lò: mítà méje lójú òkun di sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì. Mo fi omi ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà, torí ike tó bá lóròóró lára kì í gba ọ̀dà. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo fín ọ̀dà dúdú sí i lára. Àwọn kan máa ń fi funfun bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀, dúdú ló dáa jù. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò bá dé á kàn dà bí òjìji ni.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Ilà yẹ́lò ni mo fà gba ojú ihò ìbọn, bí mo ṣe máa ń fà á fún àwọn ọkọ̀ Nelson. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é, ó sì gún régé. Ní Sátidé, mo mú ọmọ mi lọ sí Hartlepool ká lọ wo HMS Trincomalee, ọkọ̀ tí wọ́n fi igi tíìkì kàn ní Bombay, tó bọ́ sómi ní 1817, tó ṣì léfòó títí dòní. A dúró létí omi, mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Dúdú àti funfun. Àyà mi já. Yẹ́lò ni ti ìgbà ogun ojú omi Trafalgar tí Nelson jà ní 1805. Lẹ́yìn tí ogun Napoleon parí ní 1815, funfun ni wọ́n wá ń kùn, 1822 sì ni Myrmidon tèmi wà.

Ọmọ mi ní, "Dádì, tiwa kì í ṣe funfun."

Mo ní, "Á di funfun."

Ẹ má fi ọ̀dà funfun lé yẹ́lò lórí tààrà o. Yẹ́lò náà á máa yọjú lábẹ́ ẹ̀ bí àbàwọ́n epo lára aṣọ. Dúdú ni mo fi pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo fi àwọ̀ eérú tẹ̀ lé e, kí n tó wá kun funfun fífẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kọ́ ni mo lò, torí ọ̀dà á ti gbẹ lẹ́nu ẹ̀ kó tó kan ọkọ̀. Èyí tó nípọn díẹ̀, tí ẹnu ẹ̀ ṣì mú bérébéré, ló ń fa ilà tó tọ́. Mo wá fi àwọ̀ bàbà tín-ín-rín sí ibi tí ara ọkọ̀ ti kan omi.

Orí ilẹ̀pákó ọkọ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Àwọ̀ pákó tuntun kọ́ ló yẹ kó ní, torí àwọn atukọ̀ máa ń fi òkúta àti yanrìn ha á títí táá fi funfun bí egungun. Ìyẹn ò le. Ọta àgbá ló le.

Nínú ìtàn ìgbà èwe ẹ̀ tí Àjàyí kọ ní 1837, ó ní nígbà tí wọ́n kó àwọn dé inú ọkọ̀ ogun, àwọn rí ẹran kan tí wọ́n so rọ̀, tí awọ ẹ̀ funfun, àwọn sì rí ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n rò pé ẹran ara èèyàn ló rọ̀ yẹn, pé orí àwọn tí wọ́n pa jẹ ni wọ́n tò sílẹ̀. Nílé wọn, iná ni wọ́n fi ń jó irun ẹlẹ́dẹ̀, wọn ò rí èyí tí awọ ẹ̀ funfun rí. Ìgbà tí wọ́n yọ́ sún mọ́ ọn ni wọ́n rí pátákò lẹ́sẹ̀ ẹran náà, tí wọ́n sì rí i pé irin làwọn tí wọ́n pè lórí.

Mi ò lè kun ọkọ̀ yẹn kí n má fi ọta sí i. Ọta ńlá ìgbà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi 700 pín in, ó di ìdámárùn-ún mìlímítà kan, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè tọ irú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo mú. Mo ń tọ ọ̀dà dúdú sórí èékánná àtàǹpàkò òsì mi títí ọwọ́ mi fi mọ ibi tí ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú, mo sé èémí, mo tọ ọ́ sórí pákó: ìlà mẹ́rin, méjìlá méjìlá. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ jù, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ ha á kúrò, mo tún un tọ.

Ìgbòkun yá. Àwọ̀ aṣọ tí wọn ò tíì sá ni mo fún un, pẹ̀lú ọ̀dà olómi díẹ̀ níbi tó ti ká. Okùn ló tún gba sùúrù. Mo fa òwú gba inú ìda oyin lẹ́ẹ̀mejì kí irun ara ẹ̀ lè sùn. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n sun jáde lára igi páìnì ni wọ́n ń fi kun okùn tó di òpó mú, ìdí nìyẹn tó fi dúdú. Èyí tí wọ́n fi ń yí ìgbòkun padà ní àwọ̀ okùn lásán. Mo kọ́kọ́ fa tiwájú le jù, òpó iwájú sì tẹ̀. Mo gé gbogbo ẹ̀ dànù. Lẹ́ẹ̀kejì, bí mo bá so ọ̀kan síwájú, mo so èkejì sẹ́yìn, wọ́n sì dọ́gba.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ eré, ọmọ mi gbé ọkọ̀ akẹ́rú náà sọ́wọ́. "Dádì, àwọn èèyàn yẹn dà?"

"Abẹ́ pákó ni wọ́n wà."

Nínú òfin eré wa, èèyàn lè yìnbọn sí ara ọkọ̀ tàbí sí ìgbòkun. Mo fi òfin kan kún un lọ́jọ́ náà: ẹni tó bá yìnbọn sí ara ọkọ̀ akẹ́rú ti pàdánù eré. Èmi ni mo sì wà á, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ mi wà á. Iphigenia ṣì wà nínú páálí, nítorí náà Myrmidon nìkan ló fi lé mi. Ìyípo mẹ́sàn-án ló gbà á, ìgbòkun mi sì ti fàya tán kó tó fara kàn mí létí tábìlì.

Ó fi dáísì sílẹ̀, ó mú awò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Myrmidon. "Dádì, mélòó làwọn ọta yìí?"

"Méjìdínláàádọ́ta."

Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Mo gba awò lọ́wọ́ ẹ̀: òótọ́ ni, ọ̀kan ti bó lẹ́bàá òpó àárín. Mo lọ mú abẹ́rẹ́.